Bí Wúrà Ṣe Mú Èrò Bàálù Jókòó

Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni Wúrà fi bu oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Valence Park ní Dagenham nílùú òyìnbó. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ó rí ìkéde kan lórí fóònù. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, tí bàálù rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, tó ń kó àwọn onísinmi lọ sí àwọn erékùṣù Gíríìsì, ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú èrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó. Wúrà kọ̀wé.

Ìmísí ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, for real? Ẹ̀yin, air hostess?"

Olúbọ̀dé ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì, kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ìyá Ìmísí, ìgbéga la gbàdúrà fún ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ò ní kí wọ́n gbé ẹ lọ sójú sánmọ̀."

"Àdúrà ti gbà nìyẹn," ni Wúrà fèsì.

Wọ́n gbà á. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn pàjáwìrì, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń paná, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó ń bú wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló le jù.

Nínú ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Kos, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà, ọkùnrin mẹ́rìnlá tó ń bá ọ̀rẹ́ wọn tó fẹ́ gbéyàwó ṣe ìdágbére àpọ́n wọlé pẹ̀lú fìlà yẹ́lò lórí. Orin ni wọ́n kọ débẹ̀. Bí táyà ṣe kan ilẹ̀, tí bàálù ṣì ń sáré, gbogbo wọn fò dìde, wọ́n ń fa ẹrù wọn. Àwọn èrò yòókù bá tẹ̀ lé wọn. Magdalene, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù, ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n lórí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ni báàgì kan bá já bọ́, díẹ̀ ló kù kó ba ìyá arúgbó kan lórí.

Wúrà gbàgbé ibi tó wà. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti orí ìjókòó rẹ̀. "Mo máa kà á dé ẹ̀ta! Ení!"

Kò tíì dé orí èjì tí gbogbo ìdí fi kan àga. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, tó fín ara látọrùn dọ́wọ́, tiẹ̀ fi ìka lé ètè.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan kọ̀wé fẹjọ́ sùn pé obìnrin kan sọ àwọn di ọmọdé. Reuben, máníjà wọn, ránṣẹ́ pè é.

"Wúrà, a kì í ka ení èjì fún kọ́sítọ́mà."

"Ẹ má bínú. Báwo wá ni kí n ṣe é?"

"Bó o bá ṣe fẹ́. Má ṣáà pariwo."

Ó dáa. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá dìde láìtásìkò, Wúrà á kàn wò ó. Irú ojú tí ìyá rẹ̀ fi máa ń wò ó ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, bí àlejò bá wà nílé tí Wúrà sì nawọ́ sí ẹran. Onítọ̀hún á rọra padà jókòó. Ta ló fẹ́ kọ̀wé pé wọ́n wo òun?

Láti oṣù karùn-ún tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Kos rí. Láàárín wákàtí kan, wọ́n ti gbéra padà. Àfi ìgbà tí bàálù wọn yọnu nínú oṣù kẹwàá, tí gbogbo wọn sì ní láti sùn síbẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Wúrà lọ sétí òkun, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò iṣẹ́ sókè, ó sì tẹ Olúbọ̀dé láago.

"Bàbá Ìmísí, inú òkun ni mo wà báyìí o."

"Yéè! Bàálù já ni?"

"Rárá o! Ẹsẹ̀ mi nìkan ló wọmi."