Ẹni Tó Mú Ọkọ Mi Ló Dá Ẹjọ́ Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí wọ́n wá mú ọkọ mi nílé wa ní àdúgbò Titirou, lápá àríwá orílẹ̀-èdè wa, tó ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́. Awakọ̀ ni, ọmọ Ṣábẹ̀ bíi tèmi, kámíyọ̀ ló fi ń kó ẹrù láti Kútọnu lọ sí Malanville. Ìgbà ìjọba kàmáráàdì ni, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nílùú. Délégé, olórí tí ìjọba fi ṣe alábòójútó àdúgbò wa, ti ka òfin kan fún wa nípàdé pé gbogbo ọkùnrin gbọ́dọ̀ máa jáde lọ sí oko àdúgbò ní gbogbo Sátidé. Ọkọ mi pa Sátidé méjì jẹ nítorí pé kámíyọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sọ́nà Kándì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Délégé fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú àwọn tó wá mú un.

N kò sunkún púpọ̀, torí mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà. Àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Ìlọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wa lọ ni, ó sì ti ṣàlàyé fún mi títí pé lọ́dọ̀ wọn ní Nàìjíríà, àwọn tó ń ṣòfin wà lọ́tọ̀, ààrẹ tó ń mú òfin ṣẹ wà lọ́tọ̀, adájọ́ náà sì wà láyè ara rẹ̀. Ó ní bí ìjọba bá fìyà jẹ èèyàn, ilé ẹjọ́ lèèyàn máa gbà lọ. Mo rò pé gbogbo ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ilé ẹjọ́ àdúgbò máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀, inú mi dùn. Mo há ọ̀rọ̀ Faransé sórí, mo wọ bùbá tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mú ìwé tí mẹkaníìkì Kándì kọ fún ọkọ mi dání.

Mo wọlé, mo wo àga àárín. Délégé ni. Ọkùnrin tó ka òfin, tó tún wá mú ọkọ mi, òun náà ló jókòó láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Gbogbo Faransé tí mo há sórí pòórá.

Mo ní, "Kàmáráàdì délégé, ṣé ẹ̀yin náà ni adájọ́?"

Kò bínú. Ó wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tí kò mọ ìṣirò. "Ìyàwó wa, agbára aráàlú kan ṣoṣo ni. Àwọn olówó ló ń pín in sọ́nà mẹ́ta kí wọ́n lè rí ibi sá sí."

"Ìwé mẹkaníìkì rèé, ẹ jọ̀wọ́."

Kò wò ó. "Mo ti mọ̀ pé ó jẹ̀bi kí n tó lọ mú un. Àbí mo lè lọ mú ẹni tí kò jẹ̀bi ni?"

Oṣù kan gbáko ni ọkọ mi fi ro oko náà. Kó tó padà, ọ̀gá rẹ̀ ti gbé kámíyọ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì di ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé. Nígbà tí àbúrò bàbá mi tún wá, tí mo ròyìn fún un, kò fọ́nnu mọ́. Àwọn sójà ti lé àwọn aṣòfin tiwọn náà lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yọ délégé nípò. Wọ́n ní ó kó ìrẹsì àdúgbò jẹ. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ló fẹ̀sùn kàn án, òun náà ló sì máa dá ẹjọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá délégé àtijọ́ náà níwájú ilé wa.

Ó ní, "Ìyàwó wa, n kò jẹ ìrẹsì kankan. Ẹ bá mi rò ó, ta ni mo lè lọ bá?"

Àyà mi já ju ti ọjọ́ ilé ẹjọ́ lọ. Mo ti rò pé ibì kan wà lókè tí irú àwọn délégé lè sá lọ. Ọkọ mi fún un ní àga, èmi bu omi wá.

Lónìí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, àwọn adájọ́ wà láyè wọn, àwọn ọmọ mi sì máa ń jiyàn nídìí rédíò bóyá wọ́n yà sọ́tọ̀ lóòótọ́. N kì í dá sí i. Ohun tí mo máa ń rántí ni bí àwa mẹ́ta ṣe jókòó láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí à ń wá orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà lè lọ bá, tí a kò sì rí.