Ikọ́ Tonton

Bí àbúrò bàbá mi bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìtàn apànìyàn dé nìyẹn. Tonton là ń pè é. Iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe ní Tchaourou láyé àwọn Faransé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí a bá yí abọ́ iyán ká, á ní ẹnìkan bu májèlé sọ́bẹ̀ oníṣu kan.

“Ẹni tó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ọbẹ̀ ló kú.”

Ọwọ́ wa á dúró lókè abọ́. “Tonton, ta ló pa á?”

“Ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tọ́ tiwa wò fún yín ná.”

Mo fura sí i. Ọjọ́ tí ẹran bá wà nínú ọbẹ̀ nìkan ló ń wúkọ́.

Ó ti kú báyìí. Ẹran yẹn ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ta ló tiẹ̀ pa oníṣu náà?