Ìjà Ẹnu Géètì Lọ́dún Onígbáméjì

Kò tíì pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí tí àrùn onígbáméjì fi wọ Mushin. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni mí nígbà náà, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ wa ni ká máa wá àwọn tó ń bì, tí wọ́n tún ń yàgbẹ́ gbuuru, láti ojúlé dé ojúlé, ká gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa fa omi sí wọn lára. Ẹ̀yin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí, ẹ̀yin náà á ti mọ̀ pé àrùn kì í dáni lágara tó èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, mo bá ìyá àgbà kan nínú yàrá kan lẹ́bàá ojú irin. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Sìdíkà, ọmọ rẹ̀, dí ẹnu ọ̀nà.

“Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà, Àǹtí.”

“Ààwẹ̀ wo? Ṣé a ò tíì túnu ni?”

“Gbèsè ààwẹ̀ ni wọ́n ń san.”

“Sìdíkà, òórùn tó ń bọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà ń gbààwẹ̀ ni?”

Ó bú sẹ́kún. Wọ́n ti gbé ará ilé wọn kan lọ sílé ìwòsàn ṣáájú. Wọn ò jẹ́ kí ẹbí tẹ̀lé e. Ó kú, wọ́n sì sin ín láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin ilé ìwòsàn ni pé aláìsàn nìkan ló ń wọlé. Òfin yẹn ló sọ gbogbo àdúgbò di òpùrọ́, àwa la sì ń jẹ èébú rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní kí Sìdíkà wọ ọkọ̀.

Ní géètì ilé ìwòsàn, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní kí Sìdíkà bọ́ sílẹ̀. Ìyá di ìró ọmọ rẹ̀ mú.

“Màdáàmù, ọ́dà tí wọ́n fún mi nìyẹn.”

“Ọ́dà náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa kó aláìsàn pa mọ́, ọ̀gá!”

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Awakọ̀ wa fi ọkọ̀ dí géètì, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó fẹ́ jáde lọ wá aláìsàn ní Yaba náà wá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wa. Nọ́ọ̀sì kan ò dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìgò omi jáde, ó so ó mọ́ fèrèsé ọkọ̀, ó sì gún Ìyá lábẹ́rẹ́. Omi ń kán wọ ara rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ń jiyàn lórí òfin. Ní ìrọ̀lẹ́, dókítà àgbà ní kí Sìdíkà wọlé.

Ìyá yè. Wọ́n gbà pé kí ẹbí kan máa tẹ̀lé aláìsàn kan, àwọn ará àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá pè wá fúnra wọn. Àmọ́ wọ́n gbé awakọ̀ wa lọ sí ìgbèríko torí pé ó fi ọkọ̀ dí géètì, ẹgbẹ́ wa ò sì rí i dá padà. Ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí àrùn náà tún dé, wọ́n tún ti géètì. Wọ́n ní ti ìjọ́sí, àánú lásán ni àwọn ṣe, kì í ṣe òfin. Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má bi mí bóyá a borí. Bí àjàkálẹ̀ bá tún dé, ẹ lọ dúró ní géètì yẹn, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n máa jẹ́ kí ọmọ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọlé. Bí wọn ò bá jẹ́, ẹ má kí mi kú iṣẹ́ mọ́.