Ọ́ìlì Tí Mo Fi Àkísà Nù

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Pọtakọ́tì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò tíì darúgbó, àmọ́ ìgbà náà ti jìnnà sí mi bí ẹni pé mo ti lo ọgọ́rin ọdún.

Ọ̀gá mi ní lọ́rí kan, òun sì ni gbogbo ohun tó ní. Ní 1967, tí wọ́n ń sọ pé ogun ń bọ̀, ọ̀nà máa tó dí, ó ní lọ́rí náà ni yóò kó gbogbo àwa Yorùbá inú ilé wa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò lágbára mọ́.

Ohun tó kọ́ mi nìyí: bí písítìn, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú sílíńdà, bá wà nísàlẹ̀, ká ní afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tó ife méje. Bó bá gòkè tán, ife méje yẹn á fún pọ̀ sínú àyè ife kan. Bí àyè òkè yẹn bá fẹ̀ jù, ẹ́ńjìnì ò ní lágbára. Bó bá há jù, iná á ràn kí àkókò rẹ̀ tó tó, písítìn á sì fọ́. Ọ́ìlì tó bá kún àyè náà la fi ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n písítìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé òkè pátápátá. Èmi ni mò ń yí ẹ́ńjìnì, tí mò ń wo igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kì bọ ihò púlọ́ọ̀gì. Bí igi ò bá gòkè mọ́, ó dé nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó ń di ẹrù ni mò ń wò.

"Ó ti dé òkè?"

"Ó ti dé, ọ̀gá."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Àbí ọmọ oníbọ̀ọ̀lì yẹn lò ń wò?"

"Ọ̀gá, e don reach."

Ó da ọ́ìlì sí i, ó ní àyè náà ti fẹ̀ jù, a máa ha orí ẹ́ńjìnì kí àyè náà lè dín kù. Ó wá lọ ṣe àlùwàlá. Mo tún ẹ́ńjìnì yí díẹ̀, ọ́ìlì sì rú jáde lójú ihò. Písítìn ò tíì dé òkè nígbà tí mo ní ó dé. Mo fi àkísà nù ún kí ọ̀gá tó padà dé, a sì ha orí ẹ́ńjìnì náà.

Lọ́rí náà sáré dáadáa títí a fi kọjá Rumuokwurushi, létí ìlú. Níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́ kọ́ kọ́, písítìn sì fọ́. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé wa. Ọ̀gá mi ò wọ̀ ọ́.

"Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún? Máa lọ, ọmọ mi. Èmi ni mo ha á jù."

Mo gbọ́ ọ, mo sì wọ ọkọ̀.

Ogun ti tán, mo ti padà sí Pọtakọ́tì. Àwọn mìíràn ló ń gbé ilé wa, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀gá mi wọlẹ̀ sí. Nígbà yẹn, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin la máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì kan, tí a ó máa fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀. Ní báyìí, èmi nìkan ni. Bí igi bá dúró, mo máa ń bi ara mi sókè pé, "Ó ti dé òkè?" N kì í dáhùn títí n ó fi tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i.