Jagunjagun Tèmi àti Ti Ìyáálé Mi

Ìyáálé mi mọ àlọ́ pa. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Nígbà tí wọ́n mú mi láti abúlé wa lẹ́bàá Iléṣà wá bá ọkọ mi ní Òṣogbo, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lábẹ́ òyìnbó, obìnrin yìí ti gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ ilé náà tán. Bí a bá ti jẹun, tí a jókòó ti abọ́ obì tí mo kó wá láti oko bàbá mi, tí a ń bó èèpo ara rẹ̀, yóò ké "Àlọ́ o!", àwọn ọmọ yóò sì fi mí sílẹ̀ lọ rọ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀. Ọkọ wa náà yóò sún àga rẹ̀ mọ́ wọn. Kí ni mo lè ṣe? Àwọn ọmọ tí mo bá nílé, n kò tilẹ̀ gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Ìyàwó ni mí. Mo sọ ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú wọn ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó gbà á, ó sì tún ń sín ohùn Ìjẹ̀ṣà mi jẹ.

Àlọ́ kan wà tí kì í sú ọkọ wa. Ọba kan ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá fún ogun. Àwọn àgbà agboolé kan wá to àwọn ọkùnrin wọn jókòó, wọ́n ní kí ẹni tí kò ní ìyá láyé dìde, nítorí wọn kò fẹ́ kí ìyá kankan sunkún lé àwọn lórí. Àgbẹ̀ kan dìde. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn tó ń ṣa ẹ̀wà, gbé àtẹ sílẹ̀, òun náà dìde. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń rẹ́rìn-ín: obìnrin fẹ́ lọ sógun!

A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Mo wá ẹmọ inú àlọ́ rẹ̀ títí, mo sì rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sáré ké "Àlọ́ o!" kí ó tó la ẹnu. Jagunjagun tèmi, ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó gbọ́ pé ogun dé, ó yọ idà, ó lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Àwòrán ọkọ wa nínú aṣọ ṣọ́jà, èyí tó yà kó tó lọ jagun ní Bọ́mà, wà lára ògiri. Òun ni mo ń wò pa àlọ́ náà.

"Tèmi ló yàn án fúnra rẹ̀," ni mo wí. "Ti ìyáálé wa ńkọ́? Ṣebí bí ewúrẹ́ ni wọ́n fà á lọ."

Ìdílẹ̀kẹ̀ ní, "Ìyàwó, tiyín ló láyà jù!"

Inú mi dùn débi pé obì tí mo ti bó ni mo tún ń bó.

Ọkọ wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, ọkùnrin tìẹ yìí, ta ló fi sílẹ̀ nílé?"

N kò fún un ní ìyàwó. Owú ni, n kò fẹ́ rí obìnrin mìíràn, àní nínú àlọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀," ni ìyáálé mi wí fún ọkọ wa.

"Jẹ́ kó gbọ́. Wọ́n tò wá jókòó nínú agboolé wa. Wọ́n ní kí ẹni tí kò ní ìyá dìde. Ta ló bi mí bóyá ó wù mí? Mo dìde." Ó nawọ́ sí ìyáálé mi. "Ẹni yìí sì gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀."

Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín. Ìyáálé mi tẹ orí ba, ó ń bó obì lọ.

Èmi tí mo rò pé tèmi ló yàn fúnra rẹ̀! Ọkọ wa kò yàn, wọ́n pè é ni. Jagunjagun mi, èmi ni mo rán an. Obìnrin alátẹ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò pè, tó sì dìde.

Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Owú àga, owú ọmọ, owú ẹran inú ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ti kúrò lára mi. Ti àtẹ ẹ̀wà yẹn kò kúrò. Ká ní mo wà níbẹ̀, ǹ bá dìde, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n pe ọkọ wa sógun, ọmọdé ni mí, mo ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo bàbá mi.