Bí Mo Ṣe Gé Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Bí Aṣọ Òfì

Kí ogun ńlá àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ ni mo wọ ilé ìwé n'Ísẹ́yìn, mo sì ti hu irùngbọ̀n. Bàbá mi, tó jẹ́ ahunṣọ, gbà fún mi pẹ̀lú àdéhùn kan ṣoṣo: "Bí tíṣà bá fi lè dá ọ padà sí àárín àwọn ọmọ a-b-d, ìdí òfì lo máa jókòó sí títí ayé." Mo fẹ́ràn ìwé o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tíṣà ń bà mí ju ti ejò lọ, mo sì ti tẹ ejò mọ́lẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kọ unhelpful sára pátákó. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò, wọ́n kàn fi nǹkan kún un níwájú àti lẹ́yìn ni.

"Onírùngbọ̀n, wá pín in."

Ọwọ́ mi làágùn tó bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀kọ. Pípín tí èmi mọ̀ kò ju ti aṣọ òfì lọ: abala tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán pọ̀, tí gbogbo wọn fẹ̀ bákan náà. Mo ka lẹ́tà, mẹ́sàn-án ni. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n: unh, elp, ful. Ọ̀kan ò fẹ̀ ju èkejì lọ. Mo tiẹ̀ sún sẹ́yìn kí n lè wò ó dáadáa.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó gún o, bàbá," ni tíṣà wí. "Tún un pín lọ́la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a-b-d yá."

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi.

"Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀hún?"

"Ẹni tí kì í ranni lọ́wọ́ ni, Bàbá."

"Kí ni wọ́n ń pe ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀?"

"Help ni."

"O wá la ìrànlọ́wọ́ ní agbede méjì! Abájọ tí n kì í rí ọ nídìí òfì."

Ó fa ògbólógbòó aṣọ kan tó ń tún ṣe jáde. "Bí mo bá fẹ́ yọ abala àárín yìí, ṣé mo máa ń wọn aṣọ ni?"

"Rárá. Ojú ibi tí wọ́n ti rán an lẹ máa ń wá."

"Ta ló wá ní kí o máa fi ìka wọn aṣọ tí kì í ṣe ìwọ lo hun ún?"

Lọ́jọ́ kejì, mo wá ojú rírán: un, help, ful. Tíṣà wò mí títí, ó ní, "Jókòó."

Bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ká òwú.

"Wọ́n dá ọ padà?"

"Wọn ò dá mi padà, Bàbá."

Ó pòṣé. "Ó dáa. Mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá lọ́la. Èyí tó bá gùn ju tàná lọ ni kí o mú."