Káàdì Tó Ti Gbé Ọmọ Wálé

Nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀, ní àwọn ọdún 1990, ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìlọrin ni wọ́n gbé mi sí. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, àwọn tó ń pín wa sì gbà pé ẹni tó mọ ìṣirò yóò mọ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì ni ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní bó bá yá, gbogbo ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè yìí ni yóò ní tirẹ̀, tí ará Ìlọrin yóò fi lè gba ìtọ́jú ní Kánò, tí dókítà ibẹ̀ yóò sì ti mọ ohun tó ti ṣe é rí. Mo fẹ́ràn èrò náà. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ lè sọ pé mo rí i kó ṣẹ ní ọdún tí mo lò níbẹ̀.

Yàrá káàdì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Káàdì kékeré ló máa ń wà lọ́wọ́ aláìsàn; nọ́ńbà tó wà lára káàdì náà la fi ń wá fáìlì aláìsàn lórí pẹpẹ. Èmi ni mò ń tẹ ohun tó wà nínú fáìlì náà sínú ẹ̀rọ: orúkọ, ilé, ọjọ́ orí, irú ẹ̀jẹ̀, àìsàn àtẹ̀yìnwá. Bí iná bá lọ, ọ̀gá wa, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, á da aṣọ bo kọ̀ǹpútà bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tó sùn, a ó sì jókòó máa wo ara wa.

Àdúgbò àtijọ́ ni mò ń gbé, láàárín agboolé àwọn aláàfáà. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan nípa ìyẹn. Ìyàwó méjì ni baálé ilé náà ní. Ìyáálé ń ta aṣọ ní Táíwò Road. Ọmọ márùn-ún ló bí, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì ti ń lọ sí ilé kéwú. Ìyàwó, tí wọ́n fẹ́ láti Òkè-Oyì, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó lóyún. Kọ́pà ni gbogbo wọn ń pè mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí mo ṣe ń tẹ fáìlì àwọn aboyún, mo bá orúkọ ìyáálé ilé wa pàdé, pẹ̀lú orúkọ ọkọ rẹ̀ àti ti agboolé wa. Fáìlì náà ní ó lóyún oṣù méje. Mo tún un kà. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa, mo ní ìyàwó kékeré ilé wa ló lóyún, kì í ṣe ìyáálé.

“Wọ́n ń yá ara wọn ní káàdì ni,” ni ó wí. “Ọjọ́ ti pẹ́.”

“Ẹ mọ̀, sà?”

“Ta ni kò mọ̀? Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gba fáìlì gbọ́. Wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lára.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n sọ nípàdé pé tí irú ẹ̀jẹ̀ bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà, a ò ní máa fi àkókò ṣòfò lórí àyẹ̀wò mọ́.”

Ó dá fáìlì náà padà fún mi. “Tẹ ohun tí o bá rí, Kọ́pà. Tí o bá sì tú u fó, wọ́n á fagi lé e, ìyàwó ilé yín á di aboyún tí kò forúkọ sílẹ̀. O mọ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe àwọn bẹ́ẹ̀.”

Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì láti Post Office dé ilé. Ó ṣeé ṣe kí ìyàwó má nílò ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ aboyún kì í nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ nínú ilé pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀ nígbà tó bí àkọ́kọ́, àti pé ọmọ náà kò dúró. Bébà máa ń parọ́, gbogbo èèyàn sì mọ̀, wọ́n ń ṣọ́ra fún un. Tí irọ́ kan náà bá ti ojú ẹ̀rọ jáde, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni á ṣọ́ra.

Ìyáálé ti ọjà dé kí n tó wọlé. Ó ti kí ìrun àlàásárì, ó ń ká aṣọ lórí ẹní. Ìyàwó jókòó nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ìyá,” mo ní, “mo rí orúkọ yín lọ́dọ̀ wa lónìí. Wọ́n ní ẹ lóyún oṣù méje.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Alihamudulilahi! Má jẹ̀ẹ́ kí baálé gbọ́ o, á ní kí n fi baba ọmọ han òun!”

“Irú ẹ̀jẹ̀ yín ló wà níbẹ̀. Tí ìyàwó bá nílò ẹ̀jẹ̀, irú tiyín ni wọ́n á fún un.”

“Kí ló ṣe tèmi? Ẹ̀jẹ̀ tó bí márùn-ún láì pàdánù ọ̀kan?”

“Ó dáa lára yín, Ìyá. Lára ẹlòmíràn, ó lè pa á.”

Ẹ̀rín náà tán. Ìyàwó kò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀wà.

“Mo ní káàdì tèmi rí, Kọ́pà,” ni ó wí. “Mo ti dáná sun ún. Òun ni mo mú lọ lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́kọ́, ọwọ́ òfìfo ni mo sì mú bọ̀.”

“Èmi ni mo ní kó mú tèmi,” ni ìyáálé wí. “Káàdì tó ti gbé ọmọ wálé lẹ́ẹ̀màrùn-ún, ó mọ̀nà.”

Mo ti rò pé nítorí owó káàdì ni. Èrò mi kò tọ̀nà. Mi ò gbà pé káàdì lè mọ ọ̀nà, síbẹ̀ mi ò rí ohun tí mo lè fi da ọ̀rọ̀ ìyàwó nù.

“Tí a bá lọ gba òmíràn,” ni ìyáálé bi mí, “ṣé wọn ò ní bú u?”

“Wọ́n á bú u.”

“Ó kéré tán, Kọ́pà kì í parọ́. Èmi á bá a lọ, a ó jọ pín èébú.”

“N kò fẹ́ káàdì tuntun,” ni ìyàwó wí. “Kò mọ ẹnikẹ́ni.”

Ìyáálé dìde, ó wọ yàrá lọ, ó gbé ọ̀já kan jáde, èyí tó ti ṣá láti ara fífọ̀. “Èyí ni mo fi pọn gbogbo wọn. Tí a bá gba káàdì náà, inú rẹ̀ ni yóò máa gbé títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú tèmi. Kí tèmi fi ọ̀nà hàn án.” Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀rọ yín lòdì sí ìyẹn?”

“Rárá, Ìyá. Ẹ̀rọ kò rí ọ̀já.”

Ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nọ́ọ̀sì kan pariwo mọ́ wọn lójú gbogbo èèyàn, ó ní irú wọn ló ń ba iṣẹ́ àwọn jẹ́. “Ọmọ mi, bú mi kó tẹ́ ọ lọ́rùn,” ni ìyáálé wí, “ṣùgbọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ná, kí o tó bú mi tán.” Àwọn aboyún tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ kì í ṣe irú ti ìyáálé.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó jókòó níwájú mi. Mo béèrè iye oyún tó ti ní rí. Ìbéèrè ni òun náà fi dá mi lóhùn.

“Ṣé dandan ni kí ọmọ yẹn wà níbẹ̀?”

“Dandan ni. Àti ẹ̀jẹ̀ tó dà. Òun ló máa jẹ́ kí wọ́n múra dè ọ́.”

Ó wo ọwọ́ mi lórí bọ́tìnnì. “Kọ ọ́, nígbà náà.”

Mo kọ ọ́ sínú fáìlì, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Mo yọ oyún kúrò lọ́rùn ìyáálé.

Ẹ̀jẹ̀ dà lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ lóòótọ́. Nítorí ohun tí wọ́n kà nínú fáìlì, wọ́n ti pèsè irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Wọ́n fún un, ó sì bí obìnrin. Mi ò lè sọ pé kọ̀ǹpútà ló gbà á là, torí kò síná lọ́jọ́ náà. Aṣọ ló wà lórí rẹ̀. Bóyá wọn ì bá tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò náà bí mo bá ti dákẹ́. Mi ò mọ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé ìyá àti ọmọ jọ wálé.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, obìnrin aboyún kan láti agboolé kejì wá bẹ ìyàwó pé kó yá òun ní káàdì rẹ̀, èyí tó gbé ọmọ wálé. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyàwó, nínú ọ̀já ìyáálé.

“N kì í yáni ní káàdì,” ni ó wí. “Lọ gba tìẹ. Tí o bá gbà á dé, mú un wá, màá tú ọ̀já yìí fún un kó sùn nínú rẹ̀.”

Obìnrin náà yíjú sí mi. “Kọ́pà, ọjọ́ wo lẹ ń fúnni ní káàdì?”

“Mọ́ńdè,” mo ní. “Ẹ tètè wá, kí iná tó lọ.”